Fáìlì Tó Sọnù Nígbà Tí Ọkọ̀ Àwọn Sójà Ń Lọ sí Shanghai

London

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1927

Kò yẹ kí n máa kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Mo ti fọwọ́ sí ìwé pé ohun tí ojú mi bá rí ní ọ́fíìsì, ẹnu mi kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Wọn kò dárúkọ kálàmù níbẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún ń pa á mọ́ra, inú mi á bẹ́ ni. Abẹ́ ibùsùn ni ìwé yìí á máa gbé, nínú àpótí fìlà mi àtijọ́, níbi tí Màmá kò lè bẹ̀rẹ̀ dé.

Wáyà wọlé láti Hankow ní Ṣáínà kí n tó bọ́ kóòtù òtútù mi tán. Èrò ti ya wọ àdúgbò tí àwọn èèyàn wa ń gbé níbẹ̀, àwọn sójà orí omi wa sì ti padà sínú ọkọ̀ láìyin ìbọn kankan. Mísì Venning, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú yàrá fáìlì, ní ìtìjú gbáà ni fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ní, "Ta ló kú?"

Ó ní kò sẹ́ni tó kú.

Mo ní, "Kí wá là ń tijú fún?"

Ó kọjú sí fáìlì rẹ̀ títí tíì fi dé.

Alwyn, àbúrò mi, wà ní bárékè ní Aldershot. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ka "àwọn sójà wa" nínú wáyà, ojú rẹ̀ ni mo ń rí.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ṣáínà jókòó lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge, akọ̀wé wọn, jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n. Àwọn kan ní kí á kó ọmọ ogun lọ sí Shanghai kíákíá kí ti Hankow má baà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ní tí a bá kó wọn lọ, ọ̀rọ̀ àlàáfíà tí a ń bá ìjọba tuntun ti gúúsù sọ á dàrú. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà láti ṣe méjèèjì. Àwọn ọmọ ogun á lọ, ọ̀rọ̀ àlàáfíà náà á sì máa lọ.

Wọ́n kó orúkọ àwọn bàtálíà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń lọ, wá sọ́dọ̀ wa kí á fi sínú fáìlì. Ìkarùn-ún ni ti Alwyn. Mo mọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Alwyn wá jẹun ọ̀sán. Ẹran àgùntàn, ànàmọ́ sísun, àti kábéèjì tí Màmá sè títí tó fi gbàgbé pé ewé lòun.

"Hester, kí ló dé tí ò ń wo ọmọ náà báyẹn?" Màmá bi mí.

"Ó ń wò ó bóyá mo fọ ọrùn mi ni," Alwyn sọ. "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Àtìgbà tí Dádì ti kú ló ti sọ ara ẹ̀ di ọ̀gá àgbà."

"Ọrùn ẹ dọ̀tí lóòótọ́," mo dá a lóhùn.

Mo kó gbogbo ànàmọ́ tó kù sínú àwo rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí bẹ́líìtì òun já. Mo lọ dúró ní ilé ìdáná, mo ṣe bí ẹni tó ń wá iyọ̀. Iyọ̀ wà lórí tábìlì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Southampton. Òjò, ìjì, ọkọ̀ ńlá kan, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá. Alwyn ń pariwo nǹkan sí wa láti òkè, afẹ́fẹ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá kò sunkún àfìgbà tí a wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Ó ní òun kò gbọ́ ohun tó wí. Mo ní ó ní kí wọ́n kí ìyá òun. Bóyá ohun tó sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge ránṣẹ́ pè mí.

"Mísì Pennifold, ẹ jókòó."

Nígbà tí ọ̀gá bá ní kí n jókòó, fáìlì kan ti sọnù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó kù nílẹ̀ báyìí ni ohun tí àwọn sójà á ṣe bí èrò bá kọlù wọ́n ní Shanghai. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Thrale, tó ń ṣojú àwọn ológun nínú ìgbìmọ̀, ti kọ ìlà mẹ́ta péré: kí wọ́n fa ààlà, kí wọ́n kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n yìnbọn. Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge kò fẹ́ ẹ. Ó ní lọ́dún 1925 kọ́ńsù wa kan, aṣojú ìjọba wa ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Yangtze kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ya dé, ọ̀gá ọkọ̀ ogun kan dá wọn dúró pẹ̀lú ọkùnrin méjìlá, kò sẹ́ni tó kú. Kọ́ńsù náà sì kọ gbogbo bó ṣe ṣe é.

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Mo gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ. N kò rí ìwé náà lójú rí."

"Ẹ ò wá lè sọ fún ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Kí n sọ fún wọn pé mo gbọ́ ọ nígbà tí mò ń jẹ ẹja?" Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ mọ ilé yìí, Mísì Pennifold. Ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìwé tuntun kò gbọdọ̀ gòkè lọ síwájú àwọn àgbààgbà láìjẹ́ pé ìwé àtijọ́ wà ní síso mọ́ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé ni wọ́n á parí ọ̀rọ̀ náà, kí wáyà lè pàdé àwọn ọkọ̀ ní Singapore. Bí n kò bá rí ìwé yẹn, ìlà mẹ́ta Kọ́nẹ́ẹ̀lì Thrale ni àbúrò mi máa gbé ìbọn lé lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé

Ibà. Mísì Venning náà ti dùbúlẹ̀, ìdajì yàrá fáìlì náà sì ti dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wà nínú omi gbígbóná àti músítádì. Màmá ní bí mo bá tún dárúkọ ọ́fíìsì, òun á kó bàtà mi pamọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Kùrukùru bo ìta débi pé iná ń jó ní ọ̀sán gangan. Èédú ṣì wọ́n látìgbà ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà, nítorí náà a ń wá káàdì pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

Mo ti wo "Kọ́ńsù". Mo ti wo "Èrò", "Ìbọn", "Ọkọ̀ Ogun", "Yangtze", "Rògbòdìyàn". Mo wo "Ọlọ́pàá" nítorí ara tó ń kan mí. Ọ̀gbẹ́ni Oakes, olórí yàrá wa, wá dúró lẹ́yìn mi. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa fẹ̀yìn tì, gbogbo ilé ló sì mọ̀ pé èmi ni àga rẹ̀ kàn.

"Fáìlì kì í sọnù nínú yàrá mi," ó ní.

"Níbo ló wà, sà?"

"Ó wà níbi tó wà."

Ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lè máa sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mo ti rí i. N kò mọ̀ bóyá kí n jó tàbí kí n wọ ilẹ̀ lọ.

Dimmock, ọkùnrin tó ti ń gbé àpótí ìwé kiri ilé yìí láti ọdún mọ́kànlélógún, jókòó nítòsí iná wa ní ọ̀sán, ó tẹ́ ìwé ìròyìn eré ẹṣin sí itan, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lórí rẹ̀.

"Mísì, ẹ jẹun. Tí ẹ bá tún rù ju báyìí lọ, a ò ní rí yín mọ́ láàárín fáìlì."

"Ọ̀gbẹ́ni Dimmock, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ráyè. Kọ́ńsù kan ni mò ń wá, kì í ṣe búrẹ́dì."

"Èwo nínú wọn?"

Mo dárúkọ ìlú náà. Ó bú sẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi há a lọ́nà ọ̀fun.

"Bàbá yẹn! Mélòó nínú ìwé ìròyìn yìí ni mo ti dì ránṣẹ́ sí i! Ẹ lọ jí i, ẹ sọ pé ilé ẹ̀ ń jó. Á kọ́kọ́ bi yín pé ẹṣin wo ló borí lánàá."

Mo gbé káàdì tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Òfin Ọ̀gbẹ́ni Oakes ni pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí lẹ́tà bá sọ ni a máa ń fi dárúkọ fáìlì. A kì í kà á dé ìsàlẹ̀, torí pé lẹ́tà ọgọ́rin ló ń wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo fa dúrọ́ọ̀ "Ẹṣin" jáde. Ó wà níbẹ̀: "Eré ẹṣin, ọgbà pápá, àtúnṣe."

Ojú ewé mẹ́rìnlá ni. Ìdajì ojú ewé àkọ́kọ́ sọ bí màlúù àwọn ará abúlé ṣe wó ọgbà pápá eré ẹṣin, àti ẹni tó yẹ kó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo tún fẹ́ fi kún un pé ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn wá sí ẹnu ọ̀nà wa." Ohun tó gbẹ̀mí là wá tẹ̀ lé e, nínú ojú ewé mẹ́tàlá ààbọ̀.

Ẹni tó fún un ní orúkọ fọwọ́ sí ara páálí tó bo fáìlì náà. H.P. Hester Pennifold. Nítorí orúkọ tí mo fún un, tábìlì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀bù àti eré ìdárayá ni wọ́n gbé e lọ. Ọkùnrin ibẹ̀ kọ ọ́ sí i pé kò sí ìgbésẹ̀ kankan láti gbé, kí wọ́n fi pamọ́. Láti ìgbà yẹn kò sí ojú kankan tó tún rí i.

Páálí tuntun tí kò ní H.P. lára wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo mú ọ̀kan jáde, mo sì tú okùn fáìlì náà. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àmọ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Thrale kì í ṣe òmùgọ̀. Tó bá rí ìwé ọdún méjì nínú aṣọ tuntun, á béèrè ìdí, wọn ò sì ní gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ mọ́ nínú ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mo so okùn náà padà. Ojú tì mí pé mo tilẹ̀ tú u.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Mo gbé e fún Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge, mo sì fi ìka mi sórí H.P. kí ó tó béèrè.

Ó kà á dé ìparí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo dúró.

"Ìgbìmọ̀ á rí páálí yìí, Mísì Pennifold."

"Mo mọ̀, sà."

"Ọ̀gbẹ́ni Oakes náà á rí i. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àga tó ń bọ̀ yìí."

"Ọmọ ìyá mi wà lórí ọkọ̀ náà, sà."

N kò sọ ọ́ fún un rí. Ó ní kí n gbé kálàmù. Àwọn àgbààgbà wọ̀nyí kì í ka ohunkóhun tó bá ju ojú ewé kan lọ. A ní ọjọ́ méjì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Gbogbo ilé ti lọ sí ìgbèríko wọn. Àwa méjì péré, iná kékeré kan, àti bísíkíìtì tí eku ti tọ́ wò.

Ojú ewé mẹ́rìnlá di ẹyọ kan. Kí ọ̀gá àwọn sójà gba gbogbo ọta lọ́wọ́ wọn, kó kó o sínú àpò ara rẹ̀, kó jẹ́ pé òun nìkan ló lè dá a padà. Kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́yìn èrò kí ẹni tó bá fẹ́ sá lè sá. Kí ẹni tó gbọ́ èdè ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí sójà kankan má pariwo. Kí wọ́n máa dúró, torí pé ebi á pa èrò náà nírọ̀lẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge fa ìlà pupa sórí ọ̀rọ̀ ọta.

"Àwọn ológun ò ní gba èyí láéláé. Sójà tí kò ní ọta! Wọ́n á fi ìyókù dànù nítorí ẹ̀."

"Èyí gan-an ló dá wọn dúró, sà. Ìyókù, ọ̀wọ̀ lásán ni."

"Ẹ̀yin mọ ogun ni?"

"Mo mọ àbúrò mi. Oníbìínú ni."

A jiyàn títí tíì fi tutù. Òun ni ọ̀gá, ó yọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Wákàtí mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ jókòó. Ohun tí mo mọ̀, ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge ni mo ti gbọ́ ọ, kò sì yẹ kó sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tó ka ojú ewé náà fún wọn, ẹnìkan bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ̀ràn ogun lọ́dọ̀ oní-pápá ẹṣin, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Thrale kò rẹ́rìn-ín. Fáìlì wà ní síso mọ́ ìdí ìwé náà bó ti yẹ, ó sì ti tú u, ó ń ka ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láti ìbẹ̀rẹ̀, àti ti màlúù. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, kò gbé ojú sókè. Nígbà tó kà á tán, ó ní:

"Akọ̀wé, ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ ọta kúrò. Ẹ dá a padà."

Ọ̀gbẹ́ni Lethbridge ní òun rò pé àwọn ológun kò ní gbà.

"Mo ti fún àwọn ọmọkùnrin ní àṣẹ kí wọ́n yìnbọn rí, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n dúró, wọn ò gbọ́ mi mọ́. Ká ní ọta wà lápò mi ni, wọn ì bá gbọ́." Ó wá fa ìlà mẹ́ta tirẹ̀ ya.

Bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn. Wáyà lọ ní agogo méje. Mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá afárá délé, òtútù kò tilẹ̀ mú mi. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹyin mẹ́fà láìbéèrè iye.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ ní Shanghai. Màmá dín páńkéèkì nítorí Ọjọ́rú Eérú tó ń bọ̀ lọ́la. Ó já ọ̀kan sílẹ̀, ó bú mi, a sì jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mísì Venning ni wọ́n fún ní àga Ọ̀gbẹ́ni Oakes. Mo kí i kú oríire. Ó bi mí bóyá màá bá òun gbé ìkòkò òdòdó òun lọ sí yàrá tuntun. Mo gbé e. Ó wúwo.

Mo sunkún díẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè. Ó ti tán.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìwé ìròyìn kún fún Shanghai. Àwọn ọmọ ogun gúúsù ti wọ ìlú, ìbọn ń dún ní apá kan, èrò ń ya lójú títì. Wáyà ọ́fíìsì kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá bi mí pé kí ni mo gbọ́ níbi iṣẹ́. Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan, òótọ́ sì ni fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí mo bá ti ṣe àṣìṣe ńkọ́? Èmi ni mo jà fún ọ̀rọ̀ ọta yẹn. Bí wọ́n bá ti kọlu ọmọ náà, tí kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́, èmi náà ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè jẹun.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kò sí lẹ́tà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Igbe

Lẹ́tà dé. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Siberia ló gbà wá. Màmá kò rí awò ojú rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo kà á sókè fún un.

Ó kọ́kọ́ ń ṣàròyé nípa òjò, ibọ̀sẹ̀, àti tíì tó ní adùn epo. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ní ọjọ́ kejìlélógún wọ́n wá bá wa níbi àpò iyanrìn wa. N kò lè ka iye wọn. Ọ̀gá wa gba gbogbo ọta lọ́wọ́ wa, ó dà wọ́n sínú àpò rẹ̀, ó ní àṣẹ London ni. Mo bú u nínú mi, mo sì bú gbogbo àwọn arúgbó tó jókòó sídìí iná ní London. Lẹ́yìn wákàtí kejì òkúta kan gbá mi létí. Ẹ̀jẹ̀ dà. Mo rí ẹni tó jù ú. Mo gbé ìbọn sí i, mo sì fà á. Màmá, mo fà á lóòótọ́. Ó dún kẹ́, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹni náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì rí obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tó pọn ọmọ. Ọmọ náà ń wò mí. Ní ìrọ̀lẹ́ òjò dé, gbogbo wọn lọ sílé, àwa náà lọ jẹun. N kò tíì sọ fún ẹnì kankan níbí. N kò lè sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́, àmọ́ mo ti ń sùn dáadáa báyìí."

 Màmá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó tún tú u, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á.

"Ta ló lè ronú irú nǹkan yẹn, Hester? Kí wọ́n gba ọta lọ́wọ́ sójà?"

"Ẹnìkan ní ọ́fíìsì kan ni, Màmá. N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹni yòówù kó jẹ́," Màmá sọ, "kí ojú ẹ̀ má rí ibi lórí ọmọ láyé."

Mo ní, "Àmín."